Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe tí àṣà ilé-iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ni ilé-iṣẹ́: "A gbé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ìmọ́tótó àti fóònù oníbàárà fún agbaṣẹ́ṣe. Owó tí à ń ná dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ wa kò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí la ṣì ṣe?"

Àṣà ilé-iṣẹ́ máa ń jò láti ibi tí kò ní olùtọ́jú. Ẹnì kan wọ yunifọ́ọ̀mù, ó dúró lẹ́nu géètì yín láti aago mẹ́fà àárọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù yín. Ẹ̀yin rò pé agbaṣẹ́ṣe ló ń tọ́jú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe rò pé ẹ̀yin ni. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ bíi 20 sí 300 ní Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ lọ tààrà sí orí kẹfà, kí ẹ padà sí orí kẹrin nígbà tí àdéhùn bá tó tún ṣe.

## 1. Ẹ kọ àṣà yín sílẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń ṣe

Agbaṣẹ́ṣe kò lè tọ́jú ohun tí ẹ kò sọ fún un. "A máa ń bọ̀wọ̀ fún oníbàárà" kò wúlò fún ẹ̀ṣọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí ló wúlò fún un: "Dìde bí àlejò bá dé. Kí i kí o tó bi í ní ohunkóhun. Béèrè orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó wá rí. Pe inú ilé kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Má béèrè owó, má sì gba owó, ì báà jẹ́ owó omi."

1. Ẹ mú òṣìṣẹ́ 8 sí 10 láti ẹ̀ka oríṣiríṣi, kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ wà lára wọn. Ẹ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má baà máa wojú ọ̀gá kí wọ́n tó dáhùn.
2. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí la máa ń ṣe níbí tí wọn kì í ṣe níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí? Kí lẹnì kan lè ṣe tí gbogbo wa yóò fi sọ pé "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí"? Ta ni oníbàárà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń yìn wá, kí sì lẹni náà ń ṣe?
3. Ẹ fa ìṣe 10 sí 12 yọ nínú ìdáhùn wọn. Ojú ìwé kan péré.
4. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ẹni tó máa ṣe é ń sọ. Ní Èkó, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè gbọ́ Haúsá tàbí Píjìnì ju Gẹ̀ẹ́sì lọ; n'Íbàdàn, Yorùbá ló máa yá àwọn tó ń gbálẹ̀ lára jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí ẹ lọ tú ọ̀rọ̀ ńláńlá tó wà lára ògiri ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe. Òun náà ní irú rẹ̀ lára ògiri tirẹ̀.

## 2. Ẹ ya iṣẹ́ tó lè jáde sọ́tọ̀

Ẹ bi ara yín lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bá yí padà lọ́la, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ bíi ṣíṣírò owó oṣù tàbí títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tí oníbàárà kò ní tètè mọ̀, ẹ lè gbé e jáde láìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹ rọra.

Àwọn iṣẹ́ tí a kò gbà yín níyànjú láti gbé jáde rárá:

- gbígbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tó ti bínú
- ìpinnu lórí owó tí ẹ máa dá padà
- kíkọ́ òṣìṣẹ́ tuntun bí iṣẹ́ ṣe ń lọ
- bíbá ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀

Bí owó bá le gan-an, ẹ lè pín iṣẹ́ kan sí méjì. Fóònù ọ̀sán wà nínú ilé. Ti òru àti ọjọ́ Àìkú lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe.

## 3. Kí ẹ tó yan agbaṣẹ́ṣe, ẹ tẹ̀lé owó náà dé ọwọ́ òṣìṣẹ́

Orí yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè mú kí ẹni tí wọn kò tíì san owó oṣù méjì fún rẹ́rìn-ín sí oníbàárà yín.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Ká ní owó oṣù ẹnì kan jẹ́ ₦100,000:

- Ìdá agbanisíṣẹ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì, 10%: ₦10,000
- Owó NSITF, fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, 1%: ₦1,000
- Àpapọ̀: ₦111,000

A ṣírò 10% yẹn lórí gbogbo owó oṣù kó lè rọrùn. Òfin fẹ́ kó jẹ́ lórí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ papọ̀, ó kéré tán. Yunifọ́ọ̀mù kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹni tó máa dípò nígbà ìsinmi àti èrè agbaṣẹ́ṣe. Nítorí náà, bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun á gba ₦105,000 lórí ẹni yẹn, owó kan wà tí kò ní san. Ẹ ní kó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún yín lórí ìwé. Ẹni tó bá kọ̀ láti tò ó, ẹ fi sílẹ̀.

Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 de ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá 8%. Owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000 láti ọdún 2024. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ₦70,000 han yín lórí ìwé, kí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣe wákàtí 12 lójúmọ́ sì máa gba ₦45,000 lọ́wọ́.

Ìwé tí ẹ máa béèrè:

- ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀
- ìwé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ láti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ìwé àṣẹ NSCDC (Sífú Difẹ́ńsì)
- ìwé ẹ̀rí PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, àti ti NSITF fún ọdún tí a wà nínú rẹ̀
- ìwé owó oṣù ti oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí wọ́n bo orúkọ
- nọ́ńbà oníbàárà wọn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti fi wọ́n sílẹ̀

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kí ẹ bá mẹ́ta sọ̀rọ̀ láìsí alábòójútó wọn níbẹ̀. Ọjọ́ wo ni owó wọlé lóṣù tó kọjá? Ṣé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ yín kí ẹ tó rí iṣẹ́? Bí ara yín kò bá yá, ta lẹ máa ń pè? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ló máa ń sọ púpọ̀ jù: ẹni tó yá owó kó tó rí iṣẹ́ yóò wá bí yóò ṣe rí i san padà, ẹnu géètì yín ló sì sún mọ́ ọn jù.

## 4. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn

Ẹ gbé e fún lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò yọ:

1. Ojú ìwé kan tí ẹ kọ ní orí kìíní, kí ó so mọ́ àdéhùn.
2. Ọjọ́ tí owó oṣù máa wọlé, bí àpẹẹrẹ kó má kọjá ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ pé ẹ máa san owó agbaṣẹ́ṣe láàárín ọjọ́ 14 tí ìwé owó rẹ̀ bá dé, kí ẹ sì san án. Agbaṣẹ́ṣe tí ẹ jẹ ní gbèsè oṣù mẹ́ta yóò jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà.
3. Ẹ̀rí lóṣooṣù pé owó ìfẹ̀yìntì ti dé ibi tó ń lọ. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù.
4. Kò sí pípààrọ̀ ẹnikẹ́ni láìsọ fún yín lọ́jọ́ méje ṣáájú, àyàfi nítorí àìsàn tàbí olè. Ẹni tuntun àti ẹni tó ń lọ yóò jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì.
5. Wákàtí mẹ́jọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin san owó wákàtí náà.
6. Nọ́ńbà kan nínú ilé-iṣẹ́ yín tí òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lè pè láti fẹjọ́ sùn, pẹ̀lú gbólóhùn pé wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ níṣẹ́.
7. Ẹ lè gba òṣìṣẹ́ wọn síṣẹ́ yín tààrà lẹ́yìn oṣù 12 láìsan owó ìtanràn.
8. Bí wọ́n bá máa rí orúkọ, nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì oníbàárà yín, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ọdún 2023.

Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún fáìnì. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ń sọ pé ẹ máa yọ ₦5,000 nínú owó agbaṣẹ́ṣe bí ẹ̀ṣọ́ bá pẹ́ dé. Lọ́jọ́ kejì, agbaṣẹ́ṣe á ti yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀ṣọ́ náà. Òfin Iṣẹ́ ní abala karùn-ún kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó fáìnì nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó bá agbaṣẹ́ṣe wí, ẹ kọ ọ́ kedere pé èrè tirẹ̀ lẹ máa ti yọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́.

## 5. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nílé kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu géètì

Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ìpàdé kan fún gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ìpàdé kékeré pẹ̀lú ẹ̀ka tó kàn gan-an. Ohun mẹ́rin ni kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: iṣẹ́ wo ló ń lọ, kí ló dé, ta ló kàn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí wọn àti nígbà wo. Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn kan, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa mú un wá.

Bí iṣẹ́ bá máa bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abala ogún nínú Òfin Iṣẹ́ sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn mọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, tí ẹ bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà rẹ̀ tán.

Ohun méjì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe:

- Ẹ má fi ẹ̀tàn ní kí òṣìṣẹ́ kọ́ ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ níṣẹ́. Àwọn tó kù kò ní gbàgbé rẹ̀.
- Ẹ má sọ fún ẹni tó ti bá yín ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án pé kó lọ fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ kọ́kọ́ san ẹ̀tọ́ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kí ẹ tó béèrè bóyá ó fẹ́ lọ.

## 6. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ọjọ́ kìíní. Kí ọ̀gá kan, kì í ṣe alábòójútó agbaṣẹ́ṣe, mú wọn yí ká ilé. Kí ó dárúkọ wọn fún gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ fi ibi omi, ilé ìtura, ibi oúnjẹ àti ibi tí wọ́n lè kó ẹrù sí hàn wọ́n. Káàdì orúkọ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Káàdì tó kọ "CONTRACT" gàdàgbà síwájú ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Ẹ jókòó pẹ̀lú ojú ìwé kan yẹn. Ẹ má kà á fún wọn lásán. Ẹ ṣe é bí eré: ẹnì kan ṣe àlejò tó ń pariwo, ẹnì kan ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀gá tí kò fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀, ẹnì kan ṣe ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wá, ẹnì kan ṣe òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà jáde láìní ìwé. Ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìran kejì ló máa ń mú wọn gbọ̀n jù, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ẹ máa dúró tì wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa dúró tì wọ́n, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá. Ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ yín kan tó máa ń bi í léèrè lójoojúmọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má yan ẹni tó ń kánjú.

Ọjọ́ kẹrìnlá. Ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: kí ló rú yín lójú, kí la ní kí ẹ ṣe tí kò ṣeé ṣe? Ẹ tún ojú ìwé náà ṣe bí ọ̀rọ̀ wọn bá fi àṣìṣe hàn.

## 7. Omi, ìrẹsì ọdún àti orúkọ

Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń kùnà, owó tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé yín:

- omi mímu, ilé ìtura, àga nígbà ìsinmi
- iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní kántíìnì
- àpótí ìtọ́jú ẹni tó fara pa
- àpò ìrẹsì àti òróró ọdún, ìwọ̀n kan náà
- ìpàdé gbogbo ilé, àti ìkíni ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ọ̀fọ̀

Ohun tó gbọ́dọ̀ dúró lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe: owó oṣù, ìgbéga, àṣẹ ìsinmi, ìbáwí. Ìdí wà fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá dé Ilé-Ẹjọ́ Ilé-Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan ni adájọ́ ń wò. Ó ń wo ẹni tó ń darí òṣìṣẹ́ náà gan-an, wọ́n sì lè pe ẹ̀yin àti agbaṣẹ́ṣe ní agbanisíṣẹ́ pọ̀. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ ọ́ di àwáwí láti fi ìrẹsì du agbálẹ̀. Àpò ìrẹsì kọ́ ló ń sọ yín di agbanisíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ lè ti tó ìyá ẹni tó ń pè é ní "cleaner" láti òpin kọ́rídọ̀. Bí ẹ bá ń pe ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ ní Màmá tàbí Àǹtí nínú ọ́fíìsì, òun náà ni Màmá tàbí Àǹtí. Ẹ fi òfin de ríránni níṣẹ́ ara ẹni: kì í ṣe agbálẹ̀ ló ń lọ ra àkàrà fún akáúńtáǹtì, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ló ń fọ mọ́tò mánéjà. Òwe Yorùbá ní kí ẹni tí a rán níṣẹ́ ẹrú fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ má gbé ẹrù òwe yẹn lé agbálẹ̀ lórí. Ẹ̀yin ni kí ẹ má rán an níṣẹ́ ẹrú.

## 8. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti fóònù oníbàárà

Àwọn tó ń gbé fóònù yìí kò sí lójú yín, nítorí náà bí ẹ ṣe ń sanwó ló máa di àṣà wọn. Bí ẹ bá ń san owó lórí iye ìpè, wọ́n á máa sáré já oníbàárà kúrò lórí fóònù. Bí ẹ bá ń san án lórí wákàtí, kò ní sí ìkánjú, ṣùgbọ́n ìlà á gùn. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lórí wákàtí, kí ẹ sì fi ìyókù sórí iye ẹjọ́ tó parí tí oníbàárà kò tún pè padà láàárín ọjọ́ méje.

1. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn fún wákàtí kan, kí ẹ jọ gbọ́ ìpè márùn-ún tí wọ́n ti gbà sílẹ̀: méjì tó dára, méjì tó bàjẹ́, ọ̀kan tí ó rú gbogbo yín lójú. Kí èyí tó dára ṣáájú.
2. Ẹ fún wọn láyè láti bá oníbàárà sọ èdè tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní "ẹ káàsán" kò yẹ kó gba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kà látorí ìwé.
3. Ẹ fún wọn ní agbára kékeré, bíi ₦3,000, láti fi tún nǹkan ṣe láìbéèrè. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè nínú ilé yín gbọ́dọ̀ wà, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ máa gbé fóònù rẹ̀.
4. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ mú wọn wá wo ọjà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

## 9. Àmì pé nǹkan ti ń jò, àti ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò

Wọ́n ń gba owó lẹ́nu géètì. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí owó oṣù wọlé kẹ́yìn, kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ń wọlé déédéé tí wọ́n sì tún ń gbà á, ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn.

Ojú tuntun ní gbogbo oṣù. Owó náà kéré, tàbí alábòójútó kan ń ta iṣẹ́. Ẹ padà sí ìbéèrè kejì tó wà ní orí kẹta.

Òṣìṣẹ́ yín ń sọ "àwọn yẹn". Ẹ wo Wasáàpù. Bí gbogbo ìkéde bá ń lọ sí gúrúùpù tí àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò sí nínú rẹ̀, ẹ ṣí gúrúùpù ìkéde kan fún gbogbo ilé.

Kò sẹ́ni tó ń fẹjọ́ sùn. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àlàáfíà níbí. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà ẹjọ́ yín máa lọ sọ́dọ̀ alábòójútó tí wọ́n fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lóṣooṣù: iye èèyàn tó yí padà, iye ọjọ́ tí owó oṣù fi pẹ́, iye ẹjọ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà àti láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, ẹ gbé e síwájú agbaṣẹ́ṣe.

## 10. Bí kò bá lọ bó ṣe yẹ

- Ẹ gba àwọn tó dára wọlé. Lẹ́yìn oṣù 12, ẹni tí oníbàárà ń dárúkọ yẹ kó wà nínú ìwé owó oṣù yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀.
- Òṣìṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Agbálẹ̀ tó ń ṣe wákàtí mẹ́rin láàárọ̀ lè má náni tó iye tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà, yóò sì jẹ́ tiyín.
- Pípààrọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ fi ọjọ́ 30 sí 60 sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun bóyá yóò gba àwọn tó ti mọ ilé yín, kí ẹ sì rí ẹ̀rí pé agbaṣẹ́ṣe àtijọ́ san owó oṣù wọn tó kẹ́yìn kí ẹ tó san tirẹ̀.
- Gbígbé iṣẹ́ padà sílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan, èyí tó sún mọ́ oníbàárà jù. Ẹni tí ẹ bá gbà, ẹ fún un ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, gẹ́gẹ́ bí Òfin Iṣẹ́ ṣe sọ, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣù kìíní tàbí kí ẹ máa bá èyí tó ti ní lọ.